Bí kánsẹ́lọ̀ ṣe ń gba ẹjọ́ ọmọ rò nílé-ìwé: ohun tí mo kọ́ ní Iléṣà

Ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń ti ọ́fíìsì púríńsípà bọ̀ nígbà tí mo rí ọmọkùnrin SS2 kan tó ń gé koríko lẹ́yìn kíláàsì ara rẹ̀. Ó pẹ́ dé ni. Òfin ilé-ìwé wa nígbà náà ni pé ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti géètì, àdá ni yóò mú, kò sì ní wọ kíláàsì títí di píríọ́ọ̀dù kẹta. Koríko kọ́ ló dá mi dúró. Ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ nínú kíláàsì, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí tíṣà bá ti ń ṣàlàyé, ọmọ yìí á dá àdá dúró, á dẹtí, ètè rẹ̀ á máa mì. Bí tíṣà bá kọjú sí pátákó, á tún padà sídìí koríko. Etí ló fi ń wọ kíláàsì tí a lé e jáde nínú rẹ̀.

Èmi ni kánsẹ́lọ̀, olùdámọ̀ràn àwọn ọmọ, nílé-ìwé náà, mo sì ti gba ọmọ yìí nímọ̀ràn lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ọjọ́ náà. Mo ní kí ó tètè máa sùn. Mo ní kí ó máa to ìwé rẹ̀ sínú báàgì láti alẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì tún pẹ́ dé lọ́jọ́ kejì. Ìmọ̀ràn mi dára, kò kàn bá ohun tó ń ṣe é mu ni. Iṣu ni ìyá rẹ̀ ń tà ní ọjà Atakúmọ̀sà, òun ló sì ń bá a já iṣu nínú ọkọ̀ kí ó tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Ọkọ̀ kì í dé kí aago méje tó lù. Kò sí bí ó ṣe lè tètè sùn tó tí ọkọ̀ iṣu yóò fi tètè dé.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá wọ ọ́fíìsì mi ló ń wá ìmọ̀ràn. Òmíràn ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnu tirẹ̀ kò ká. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì kánsẹ́lọ̀ ni mo ń kọ èyí fún. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé, pẹ̀lú ibi tí mo ti ṣì í ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ yín dé

Ní 1959, àwọn sísítà Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ké sí àwọn èèyàn tó mọ oríṣiríṣi iṣẹ́ kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn nítorí pé àwọn sísítà náà kò kàn kó àwọn ọmọ jọ kí wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n múra. Wọ́n jáde lọ wá àwọn tí ọ̀nà wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jáde ní 1977, ó sọ pé kí wọ́n yan kánsẹ́lọ̀ sí àwọn ilé-ìwé girama. Wọ́n yàn wá lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wa ní kíláàsì méje láti máa kọ́, wọ́n ní ká máa gba owó ìdánwò, wọ́n sì ní ká máa dúró fún tíṣà tí kò bá wá. Ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà ní ọmọ 250 ló yẹ kó wà lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ kan. Ẹ má jẹ́ n rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó la iṣẹ́ yìí fún ara yín. Ẹ lọ bá púríńsípà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù, kí wàhálà kankan tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé: "Mà, ìgbà míì wà tí n ó wá bá yín lórí ọ̀rọ̀ ọmọ kan. Bí mo bá wá, kì í ṣe pé mo ń bá yín du àṣẹ." Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lọ́jọ́ tí ara tutù. Lọ́jọ́ tí ìjà bá ti dé, ẹnikẹ́ni tó bá ti ẹnu yín gbọ́ ọ yóò rò pé ẹ ń wá àwáwí.

Ẹ kì í ṣe lọ́yà, ẹ kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n ọmọ tó wá jà ní géètì. Tíṣà tí ẹ bá dójú tì lónìí lórí ọmọ kan ni ẹ ó tún nílò lọ́la lórí ọmọ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbọ́ ọmọ náà dé òpin

Bí ẹ bá bi ọmọ pé "Kí ló dé tí o fi ń pẹ́?", ẹ̀bẹ̀ ni yóò fi dáhùn. "Ẹ má bínú, mà." Ìbéèrè yẹn jọ ti ọlọ́pàá lójú rẹ̀. Èmi máa ń ní, "Ròyìn òwúrọ̀ àná fún mi, láti ìgbà tí o ti jí." Màá wá dákẹ́. Ọmọ tó sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé oorun ló gbé òun lọ, ìgbà tí mo bi í báyìí ló dárúkọ ọkọ̀ iṣu. Ó dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń dárúkọ oòrùn tó là, bí ohun tí kò yẹ kí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé.

Kí ọmọ tó la ẹnu, ẹ sọ ohun tí ẹ ó pa mọ́ fún un àti ohun tí ẹ kò ní lè pa mọ́. "Ohun tí o bá sọ níbí, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. Àmọ́ bí ẹnìkan bá ń ṣe ọ́ ní ibi, tàbí tí o bá fẹ́ ṣe ara rẹ ní ibi, tàbí tí o fẹ́ ṣe ẹlòmíràn ní ibi, mi ò ní lè dá nìkan gbé e. Màá sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́, màá sì kọ́kọ́ sọ fún ọ pé mo fẹ́ sọ."

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé bàbá òun ti fi ilé sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun kò fi rí owó ìwé san. Mo ro pé mo ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún tíṣà kíláàsì rẹ̀ ní yàrá olùkọ́, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn tó ń jẹ gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ níwájú kíláàsì. Ọmọ náà kò wọ ọ́fíìsì mi mọ́ títí ó fi jáde. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, yóò kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, kò kàn ní wo ojú mi.

Ìbéèrè tó kù, tí ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè: "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Ọmọ oníṣu kò ní kí n bá òun fagi lé ìyà. Ó ní kí n má ránṣẹ́ pe ìyá òun, nítorí bí ó bá kúrò nídìí ọjà, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́. Ó wá fi ohùn kékeré sọ pé, "Bí wọ́n bá lè jẹ́ kí n gé koríko náà nígbà bíréèkì, mà, n ó gé e. Máàtì ni mi ò fẹ́ pàdánù." Ọmọ ti rí ọ̀nà àbáyọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí yóò gbé e dé ọ́fíìsì ni kò ní.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ní àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí ní Iléṣà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìlera àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe káàdì kan tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, tí ìlà á máa gòkè bí ọmọ bá ń sanra. Ìyá ọmọ ló ń tọ́jú káàdì náà sílé. Bí ìlà yẹn bá dúró tàbí tó bá ń wálẹ̀, wọ́n á ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ kí ọmọ tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Irú káàdì yẹn ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé. Bí mo bá ń kọ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ tuntun, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bi ìyá wọn bóyá káàdì tiwọn ṣì wà nílé.

Ohun kan náà ni ìwé tiwa wà fún. Ìwé kékeré kan, tí ó ní àtìpa, tàbí tí ẹ ó máa tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ojú ewé kan fún ọmọ kan. Ẹ kọ déètì, ohun tí ọmọ sọ ní ẹnu ara rẹ̀, ẹni tí ẹ lọ bá, ohun tí onítọ̀hún ṣèlérí, àti ọjọ́ tí ẹ ó padà lọ. Ẹ má kọ "ọ̀lẹ ni". Ẹ má kọ "ilé wọn kò dára". Ẹ kọ "ó pẹ́ dé ní ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó ní ọkọ̀ iṣu dé ní 7:10".

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tó ti wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà. Mo yá ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó pẹ́ dé sí lọ́wọ́ tíṣà tó ń ṣọ́ géètì, mo sì fi alẹ́ ọjọ́ méjì ka ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ 31 ni orúkọ wọn jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀. Àwọn 19 ló ní iṣẹ́ owó lọ́wọ́: àwọn tó ń gbé àkàrà kiri, àwọn tó ń já ẹrù, ọ̀kan tó ń fọ ọkọ̀ fún dẹ́rẹ́bà ní Ẹ̀rẹ̀jà. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ti di ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́kàndínlógún, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi mọ́ pé mo kàn ń ṣàánú ẹnìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ohun tí òfin sọ

Ẹ kò nílò láti há a sórí. Àwọn òfin díẹ̀ kan ló máa ń wá sójú ọ̀rọ̀ déédéé, àwọn ni kí ẹ mọ̀.

Òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, láti Pírámárì 1 dé JSS 3, ọ̀fẹ́ ni nílé-ìwé ìjọba, ó sì jẹ́ dandan. Ẹni tó bá gba owó lòdì sí i lè jẹ̀bi, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì ní ju ₦10,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Tí wọ́n bá ti ọmọ JSS mọ́ ìta nítorí owó kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ jáde ní 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007. Lójú òfin yìí, ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Apá kan wà nínú ti 2003 tí mo fẹ́ kí gbogbo kánsẹ́lọ̀ mọ̀ bí orúkọ ara wọn: abala 15 sọ pé ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fún un láǹfààní láti máa bá a lọ lẹ́yìn tó bá bímọ, bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó. Mo ti rí ọmọ SS1 tí wọ́n fa orúkọ rẹ̀ yọ nínú rẹ́jísítà lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n mọ̀ pé ó lóyún, tí ọmọkùnrin tó fún un lóyún sì ń bẹ nínú kíláàsì kejì tó ń gba àmì-ẹ̀yẹ eré bọ́ọ̀lù. Àwọn tó fa orúkọ náà yọ kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n rò pé ohun tí òfin wí nìyẹn. Nígbà tí mo tẹ̀ abala yẹn sórí bébà kan, tí mo gbé e ka iwájú wọn láì sọ̀rọ̀ púpọ̀, a jọ ṣètò pé kí ó padà ní táàmù kejì lẹ́yìn ìkómọ, sí ilé-ìwé mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ yàn, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí òun.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní "láì sọ̀rọ̀ púpọ̀". Ẹ má fi òfin ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀wọ̀n, ẹni tó ń gbọ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀, ọmọ á sì di ohun tí ẹ jọ ń fà.

Ti àìsàn náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó ní síkúlà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, yóò pàdánù ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú táàmù. Wọ́n á sì nà án pé ó ń sá kíláàsì. Ẹ bá òbí gba ìwé láti ọwọ́ dókítà, kí ẹ sọ fún àwọn tíṣà tó kàn nìkan, kí wọ́n jẹ́ kó máa mu omi nínú kíláàsì, kí wọ́n má sì fi òjò tàbí oòrùn gangan jẹ ẹ́ níyà. Fún ọmọ tí ojú tàbí etí kò jẹ́ kó lè ṣèdánwò bí àwọn yòókù, ẹ béèrè ètò tí WAEC ní fún irú wọn nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó ti bọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yan ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá

Ẹni tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù lọ ni. Tíṣà kíláàsì ṣáájú V.P., ìyẹn igbákejì púríńsípà, V.P. ṣáájú púríńsípà, púríńsípà ṣáájú P.T.A., ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, tàbí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ẹni tí ẹ bá fò kọjá kò ní gbàgbé. Ẹ má sì sọ ọ́ ní mítíìnì olùkọ́ níbi tí ojú pọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ń yí ọkàn padà níwájú èèyàn ogójì.

Ẹ béèrè ohun kékeré, tí ó ní òpin, tí ẹni tí ẹ ń bẹ̀ lè fagi lé bí kò bá dára. V.P. ló gbé òfin géètì kalẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo lọ bá a lẹ́yìn ìparí ilé-ìwé, nígbà tí ó ti bọ́ táì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pẹ́ dé ni mo bá wá."

"Kánsẹ́lọ̀, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tú géètì yẹn sílẹ̀, aago mẹ́wàá ni wọn ó máa wọlé."

"Òótọ́ ni, sà. Ẹ má tú u sílẹ̀. Kí wọ́n gé koríko wọn. Àmọ́ kí wọ́n gé e nígbà bíréèkì gígùn, kí wọ́n kọ́kọ́ wọ kíláàsì."

"Nígbà bíréèkì? Ta ni yóò dúró tì wọ́n?"

"Èmi, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Bí àwọn tó ń pẹ́ bá pọ̀ sí i, ẹ dá a padà, n kò ní sọ ohun kan."

Mo gbé ìwé géètì kalẹ̀, mo fi ìka tọ́ orúkọ àwọn mọ́kàndínlógún náà hàn án. Ó wò wọ́n pẹ́. Ọmọ ẹni tó ń fọ aṣọ fún ìyàwó V.P. fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, V.P. kò sì mọ̀. Ó ní òun ó rò ó.

Ohun tó jẹ́ kí ó ronú, mo rò pé tèmi ni mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀: bíréèkì mi. Alágbàwí tí kò bá fi nǹkan tirẹ̀ sí i, ẹni tó kàn ń pín iṣẹ́ fún ẹlòmíràn ni.

Ibi kan wà tí ó yẹ kí ọmọ fúnra rẹ̀ bá yín wọlé. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sọ́bújẹ́ẹ̀tì ni, bí ọmọ tí wọ́n ti sí Áàtì tó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ jọ ṣe é dánwò ní ọ́fíìsì yín: ẹ ṣe V.P., kí òun ṣe ara rẹ̀. Ẹ bá a wo èsì ìdánwò rẹ̀ ní Báyọ́, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, kí ẹ má tan ara yín. Bí ó bá jẹ́ pé èsì náà kò gbé e, ẹ sọ fún un lójúkojú. Gbígba ẹjọ́ ọmọ rò kò ní ká pa irọ́ fún ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ lọ bá àwọn ará ilé, ẹ má ránṣẹ́ pè wọ́n

Lẹ́tà ilé-ìwé, lójú òbí, ìròyìn burúkú ni. Mo lọ sí ọjà Atakúmọ̀sà ní ọjọ́ Sátidé bí ẹni tó wá ra iṣu. Mo ra mẹ́ta. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ọwọ́ ìyá náà dúró lórí owó.

"Wọ́n ti lé e?"

"Rárá o, mà. Ọmọ yín ń ṣe dáadáa. Máàtì rẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ tọ́jú."

Ó jókòó sórí àpò. Ó ní òun kò mọ̀ pé ìṣirò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe. Ọmọ kò sọ fún òun rí. Kò sunkún, kò sì bẹ̀ mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lórí ìka. Ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀, òun lè fún alábàárù lówó. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù, owó kò tó. Ọjọ́ méjì yẹn tó wá bọ́ sí ọjọ́ tí Máàtì jẹ́ píríọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, òun ló yàn án nígbà tí mo ka táìmùtébù fún un.

Kì í rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Góòlù wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn ọmọkùnrin kan láti ìhà Ìtàgúnmọ́dì sì ti rí i pé ọjọ́ kan nídìí kòtò lè ju owó oṣù tíṣà kan lọ bí orí bá ṣe é. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rere kò mú un. Mo ti pàdánù mẹ́rin. Ọ̀kan ló padà, òun náà nítorí pé kòtò ya lu ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ lóṣòó tì í

Ẹni tó bá gbé Iléṣà mọ ìtàn àwọn Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa oníṣòwò aṣọ, wọ́n á tà á ní àwìn kiri ìlú, bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè. Ìjókòó kò sí. "Òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gba owó mi." Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í bú èèyàn. Wọ́n kàn wà níbẹ̀.

V.P. ní òun ó rò ó. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mo padà lọ ní ọjọ́ Ajé, mo kí i, mo bèèrè bóyá ó ti rò ó. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà, n ó tún yà ní Ajé tó ń bọ̀." Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ajé kejì, àwọn àlejò wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ajé kẹta, kí n tó la ẹnu, ó ní, "Kánsẹ́lọ̀ Òṣómàáló, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ o, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin." Gbogbo yàrá olùkọ́ ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń já sílẹ̀. A ó gba ìlérí, a ó kọ ọ́ sí rípọ́ọ̀tì, a ó sì gbàgbé ọmọ.

Ibi tí kò sí ìdúnàádúrà

Gbogbo ohun tí mo sọ lókè, sùúrù ni. Bí ọmọ bá sọ fún yín pé ẹnìkan fọwọ́ kan òun, tàbí pé ó bá òun lò pọ̀, ẹ kó sùúrù yẹn tì.

Ẹ má bi í ní ìbéèrè ọlọ́pàá. Ẹ má ní kí ó tún un sọ fún V.P., fún púríńsípà, fún gbogbo ìgbìmọ̀. Ẹ sọ pé ẹ gbà á gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé kò tíì pẹ́, kí ó má wẹ̀, kí wọ́n má fọ aṣọ náà. Inú bébà ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, Wesley Guild sì wà nítòsí. Oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ráyè gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bí ó bá ti yá tó ló ti dára tó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé, àti àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀.

Àwọn ẹbí á wá. Wọ́n á mú àgbà dání, wọ́n á ní ká fi ṣe ọ̀rọ̀ ilé. Bí ẹni tó ṣe é bá jẹ́ tíṣà, àwọn kan lára wa náà á ní ká ro orúkọ ilé-ìwé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 sọ ọ́ ní abala 31 pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, kódà bí ó bá ní òun rò pé ó ti pé ọdún 18. Ẹ fi sọ́kàn, kí ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni jókòó lórí ẹní ìpàrọwà. Bí ẹnu yín bá gbọ̀n, ẹ jẹ́ kó gbọ̀n. Ti èmi gbọ̀n.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan náà bá dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ọmọ mẹ́ta tí ìṣòro wọn jọra, òfin kan wà níbìkan tó ń bí wọn. Mo rí i lórí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè: lọ́dọọdún, orúkọ àwọn ọmọ kan níbẹ̀ kò bá ti WAEC mu, ọ̀kan ní "Oluwaseun", èkejì ní "Seun", JAMB sì ń bèèrè NIN. A máa ń sáré kiri lẹ́yìn tí ó ti bàjẹ́. Ní báyìí, SS1 ni a ti ń ní kí wọ́n mú ìwé NIN wá, kí a kọ orúkọ láti inú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọmọ kan.

Ti géètì náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà kọjá láì sí pé àwọn tó ń pẹ́ pọ̀ sí i. V.P. kọ òfin tuntun náà sára bọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ sí i bí ẹni pé òun ló ronú rẹ̀, mo sì bá a dúpẹ́. Ọmọ oníṣu gba C6 ní Máàtì. Ó wà ní Yunifásítì Iléṣà báyìí, ó sì ṣì ń já iṣu nígbà tí wọ́n bá gba ìsinmi.

V.P. yẹn ti lọ fẹ̀yìntì. Tuntun dé ní oṣù tó kọjá, ní ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni mo rí àwọn ọmọ mẹ́fà pẹ̀lú àdá lẹ́yìn kíláàsì ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Mo ti yá ìwé géètì. Mo ti ka ti ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ajé, lẹ́yìn ìparí ilé-ìwé, n ó yà lọ kí i.